Yìnyín Inú Ṣọ́ọ̀bù Ẹja

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù

Ẹran Iléyá ṣì kún inú fíríjì, ṣùgbọ́n ọlidé ti parí. Kí n tó jáde láàárọ̀, Alhaja Àìṣát ti di ẹran díndín sínú kúlà fún mi. Wọ́n ní ẹni tó ń fi yìnyín ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí inú òun náà tutù. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé yàrá kan nínú fúláàtì wọn lẹ́yìn Rye Lane, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí mo fi ebi jáde nínú ilé yìí. Alhamdulillah.

Prof tó ń darí ìwádìí mi ti fún mi lọ́jọ́. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ka átọ́ọ̀mù ní Scotland máa gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ògún. Bí a bá pàdánù ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀, físà mi kò sì ní dé ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, gbogbo yìnyín tó kù nínú yàrá òtútù láàbù wa gbọ́dọ̀ di omi, kí omi di ìyẹ̀fun, kí ìyẹ̀fun wọ inú ìgò kéékèèké, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè lọ́hùn-ún.

Láti ìpẹ̀kun méjèèjì ni mo ti ń bọ̀ wá sí àárín. Mo ti ń ṣe yìnyín àwọn ọdún tó ṣáájú àti ti àwọn tó kẹ́yìn. Àárín ni ọkàn iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ mi á fi mọ́ iṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí mo ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìwó, ògbólógbòó ańkárá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi pé kí n gé, wọn ò gbé léèsì fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 12 Okúdù

Ọ̀rá mẹ́ta lónìí. Ọdún kan, ọ̀rá kan. Mo ní láti fi ọ̀bẹ fá ara yìnyín náà kí ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ má bàa wọ inú omi, ìka mi sì ti kú kí n tó parí ẹyọ kan. Jordan tó ń bójú tó láàbù ra kọfí fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, Peckham níbí ni wọ́n bí òun sí. Ó ní, "Rahmah, ìka ẹ ti blue, o. Jáde jọ̀ọ́, má kú on my shift."

Ọjọ́ Àìkú, 15 Okúdù

Uncle Tàjùdéèn wá jẹun ọ̀sán. Àbúrò Alhaja ni wọ́n, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Rye Lane. Wọ́n gbé ẹja àrọ̀ ńlá méjì wá, wọ́n sì ń ṣàròyé pé kòtè ti gbówó lórí níbi tí àwọn ti ń rà á, àwọn oníbàárà sì ń bínú sí àwọn bí ẹni pé àwọn ló ni òkun.

Nígbà tí a jẹun dé àárín, wọ́n ní, "Rahmah, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan tó ti pẹ́ nínú mi. Oòrùn wà lókè níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ wá ń wá a kiri nínú yìnyín fún?"

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn nǹkan kan wà tó ń sáré bọ̀ láti ojú ọ̀run tó jìnnà gan-an, tí wọ́n ń wá kọlu afẹ́fẹ́ òkè wa, tí wọ́n sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di irú bẹrílíọ́ọ̀mù kan tó ń tan ìtànṣán. Òjò àti yìnyín ló ń gbé e wálẹ̀. Bí ara oòrùn bá yá gágá, agbára rẹ̀ á máa lé àwọn nǹkan náà sẹ́yìn, bẹrílíọ́ọ̀mù á kéré. Bí ó bá rẹ oòrùn, á pọ̀. Ní ìpẹ̀kun ayé níbi tí yìnyín kì í ti í yọ́, ti ọdún yìí á sùn lé ti èṣí lórí, títí lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jáde tó sì kà á, á mọ bí ara oòrùn ṣe rí ní ọdún tí kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ìgbà kan wà," mo ní, "tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, tí àwọn tó ń fi awò wo oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àmì dúdú kankan lójú rẹ̀ fún bí àádọ́rin ọdún. Ohun tí mò ń wá ni bóyá ó sùn pátápátá nígbà yẹn, àbí ó ṣì ń mí lábẹ́lẹ̀, bó ṣe ń mí lónìí, ní bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá. Àwọn kan ti rí i nínú yìnyín ibòmíràn pé ó ń mí. Àwọn kan ò gbà. Ti ibi tiwa yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì kà á lọ́dọọdún."

Uncle yọ ọwọ́ kúrò nínú abọ́. "Ó ń tan kí ni? Radioactive? Ṣé o kì í fi aṣọ gbé e wọlé yìí?"

"Uncle, òjò tó ń rọ̀ sórí Rye Lane ní in. Ẹ ti ń mu ún láti kékeré."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ó yé èmi. Nígbà tí Alhaji mi wà láyé, tí wọ́n bá jókòó síta, àwọn ọmọ estate yìí kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fèrèsé wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sùn, ha! Rahmah wá ń ka bọ́ọ̀lù."

Màá jí àpèjúwe yẹn lò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Okúdù

Ooru. Inú bọ́ọ̀sì gbóná bí ààrò. Èmi nìkan ni mo gbé kóòtù òtútù lápá lọ síbi iṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo dúpẹ́ pé mo níṣẹ́ tó ń gbé mi wọ ibi tútù nígbà tí gbogbo London ń lagùn.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Okúdù

Àpótí mẹ́ta ló kù. Àpótí kẹta ni àárín gan-an, 1689 sí 1697. Màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ń bà mí lẹ́rù, ó sì ń wù mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Mi ò tíì fọ ẹnu tí Jordan fi pè. "Rahmah, má panic. Yàrá òtútù ti kú." Ẹni tó bá fẹ́ kí n má panic kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù ti jóná nítorí ooru, ara ògiri ti ń lagùn. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹni tó máa tún un ṣe tó lè wá. Àwọn fríísà yòókù nínú ilé náà kún fún ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ń ṣèwádìí, mi ò sì lè ní kí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ èèyàn síta nítorí yìnyín. Prof wà ní àpérò ní Japan. Lórí fóònù, ó bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni tó ní fríísà ńlá. Ó ní bí ọ̀rá bá ti wà ní dídì pa, tí òtútù sì tó, ohun yòówù kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Mo pe Uncle Tàjùdéèn. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè méjì. "Èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mo ti ta gbogbo ẹja tí mo kó sílẹ̀ de ọdún. Ẹ máa kó o bọ̀ kí oòrùn tó mú."

Jordan wakọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Nígbà tí a dé Rye Lane, ìyá kan dúró sí àárín títì pẹ̀lú tírólì, ń bá oníṣu ná iṣu láti ibẹ̀. Mo yọ orí síta mo kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ló ń yọ́ níbí!" Ìyá náà wò mí tàánútàánú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì kúrò lọ́nà.

Àpótí fómù funfun ni tiwa. Àpótí fómù funfun ni ti ẹja pẹ̀lú. Jordan to tiwa sẹ́nu ọ̀nà fríísà, ó sì fi àpótí kẹta síwájú gbogbo rẹ̀ kó lè jẹ́ òun la máa kọ́kọ́ gbé jáde. Òtútù ibẹ̀ dára ju tiwa lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ilẹ̀kùn náà. Uncle ò gba ọpẹ́, wọ́n ní ṣé èmi kì í kọ́ àwọn ọmọ mọ́sáláṣí ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Alhaja pé ẹrù mi kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kò burú, gbogbo ayé ló ń kó ẹrù Nàìjíríà wọn sí ṣọ́ọ̀bù Tàjù. Ó rẹ̀ mí, mi ò ṣàlàyé. Uncle á sọ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Yàrá òtútù kò tíì jí. Mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Uncle ní oníbàárà kan béèrè ohun tó wà nínú àpótí tí wọ́n kọ nọ́ḿbà sí, àwọn sì dáhùn pé ẹja ìgbà ayé àtijọ́ ni. Aláwàdà.

Jímọ̀, 4 Agẹmọ

Mọ́sáláṣí kún dé ojú títì, ooru sì mú débi pé àwọn bàbá àgbà ń fi bébà fẹ́ ara wọn nígbà wáàsí. Nígbà tí a jáde, Alhaja ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi tútù méjì, wọ́n ń bù ú fún gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà. Àyájọ́ ikú Alhaji Hamid, ọkọ wọn, ló bọ́ sí òní. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi omi ṣe sàráà fún un.

Yìnyín ń kọlu ara wọn nínú garawa, ó mọ́ gaara. Mo mu kọ́ọ̀pù méjì. Bàbá kan tó jókòó sórí ògiri ní òun ò tíì mu omi tó dùn tó báyìí láti ọjọ́ tí òun ti dé London. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan na ọwọ́ láti ojú fèrèsé nígbà tí iná dá a dúró, wọ́n sì bù fún òun náà. Mo wo Alhaja nínú híjáàbù funfun wọn, ojú wọn ń dán bíi ti ọmọdé. Mo dúpẹ́ pé ilé wọn ni Ọlọ́run darí mi sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Àpótí kẹta ti ṣófo.

Mo kàn lọ wo òtútù rẹ̀ ni. Mo rí ìdérí nílẹ̀. Ọ̀rá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nínú àpótí, wọ́n ti ká wọn dáadáa, bí ọ̀rá tí èèyàn fẹ́ tún lò. Òòlù onígi tí wọ́n fi ń fọ́ panla wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo pariwo. Uncle sáré wọlé pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Mo ní ta ló wọ ibí? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀, àfi Alhaja tó wá bu yìnyín láàárọ̀ àná nígbà tí àwọn ti lọ tẹ́ ẹní ní mọ́sáláṣí, torí pé ẹ̀rọ yìnyín iwájú ò ṣiṣẹ́...

Ojú wọn bọ́ sára òòlù náà. A ń wo ara wa.

"Uncle, ṣé ẹ ò sọ fún wọn ni?"

"Èmi rò pé o ti sọ!"

"Èmi náà rò pé ẹ ti sọ!"

Mo bú Jordan lórí fóònù nítorí àpótí tó fi síwájú. Ó kàn ń sọ pé, "I'm so sorry, Rahmah, I'm so sorry." Ìyẹn tún bí mi nínú sí i. Mo jókòó sórí páálí mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo rántí kọ́ọ̀pù méjì tí mo mu. Ọdún wo ni mo mu? 1692 ni, àbí 1695? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Uncle sì rò pé orí mi ti dàrú.

Wọ́n mú fóònù láti pe Alhaja. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́. Sàráà Alhaji ni. Iṣẹ́ mi ti bàjẹ́, kò yẹ kí tiwọn tún bàjẹ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Agẹmọ

Mi ò jáde ní yàrá. Alhaja gbé ọbẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rò pé ibà ni.

Ọjọ́ Ajé, 7 Agẹmọ

Prof ti dé. Mo ti kọ́ ohun tí mo máa sọ sórí nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ sá lọ. Mo kàn ní, "Wọ́n ti mu ún."

Ó ní ta ló mu kí ni. Mo ṣàlàyé. Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó dìde, ó fa ìlà sórí pátákó: apá òsì, apá ọ̀tún, àti àlàfo láàárín. Ó ní bí a bá yọ ọdún mẹ́sàn-án kúrò nínú nǹkan tó ń mí ní ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá, ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn á rí àyè tó láti wa ọkọ̀ ẹrù gba ibẹ̀ kọjá. Láìsí àárín yẹn, a ò ní ìdáhùn kankan.

Apá kan rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀pá yìnyín náà, wọ́n là á sí méjì, wọ́n sì tọ́jú apá kan sí Denmark. Kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń fúnni bẹ́ẹ̀ yẹn. Prof ní òun á bẹ̀ wọ́n. Ó bi mí pé kí ni kí òun sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó sọ òótọ́.

Ó yẹ kó bínú sí mi, kò bínú. Mo tún lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀ láàbù, ṣùgbọ́n ẹkún ọpẹ́ ni ti òní.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Denmark fèsì. Wọ́n á fún wa. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní tẹ́lẹ̀. Omi tó máa jáde á kéré, bẹrílíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á kéré, bí mo bá sì ba ọdún kan jẹ́, kò sí ibòmíràn láti wá a. Jordan ní, "No pressure, though." Mo ju ìbọ̀wọ́ lù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí a máa rẹ́rìn-ín pa pọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Agẹmọ

Òjò rọ̀! Gbogbo èèyàn Rye Lane dúró síta, kò sẹ́ni tó sá. Ìyá mi pè láti Ìwó, wọ́n ní ṣé yìnyín mi ti tán? Mo ní ó kù díẹ̀. Mi ò parọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Yìnyín Denmark dé lánàá, ara rẹ̀ le koko, ó wà nínú yàrá òtútù tí wọ́n ti tún ṣe. Ó yẹ kí n sùn dáadáa lónìí.

Jordan wá jẹ ìrẹsì nílé wa láti bá mi yọ̀. Ó jẹun yó, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì sọ fún Alhaja pé, "Mummy, omi yẹn tí ẹ share ní mosque, it was like three hundred years old, o. Legend." Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ti pẹ́ jù. Ó rò pé wọ́n ti mọ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, Alhaja wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn.

"Rahmah, ṣé iṣẹ́ rẹ ni mo fọ́ sínú garawa?"

Mi ò lè parọ́ fún wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Nítorí pé sàráà Alhaji ni, Mà."

Mo rò pé ti iṣẹ́ mi ló máa dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n lóòótọ́, wọ́n bẹ̀ mí, èmi náà ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló dùn wọ́n jù. Wọ́n ní, "Ohun olóhun ni mo fi ṣe sàráà. Ẹ̀sìn ò gbà á. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ fún Hamid." Mi ò gbọ́ rí kí wọ́n pe ọkọ wọn lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn tọkàntọkàn.

"Ṣé ìwọ lo ni ín?"

Èmi kọ́ ni mo ni ín.

Ọjọ́ Ajé, 28 Agẹmọ

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Prof. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin tí kì í ṣe ìsìn kankan ni, mo sì rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Tí àwọn tó ni ín bá wá yọ̀ǹda rẹ̀ báyìí ńkọ́, ṣé ó ti pẹ́ jù?" Mo ní bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀, ìmáàmù wa náà sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pè wọ́n.

Prof ní òun nìkan kọ́ ló ni ín, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló dáwó gbẹ́ yìnyín náà. Ó jókòó, ó kọ̀wé sí gbogbo àwọn àgbà iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti ń wọlé. Denmark: a yọ̀ǹda rẹ̀. Switzerland: a yọ̀ǹda rẹ̀. Bàbá kan ní Amẹ́ríkà ní òun yọ̀ǹda rẹ̀, ṣé omi náà dùn?

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Alhaja, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n ní kí n tún ti ará Amẹ́ríkà yẹn kà. "Sọ fún un pé ó dùn gan-an." Wọ́n nu ojú. Wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú. "Ti Hamid ti dára. Ó ku tìrẹ. Tí tìrẹ ò bá bọ́ sí i, mi ò ní gbádùn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ògún

Ife 1694 yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó dà díẹ̀ sórí tábìlì. Ìyókù ṣì wà nínú ife. Mo ń bá a lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ògún

Gbogbo rẹ̀ ti parí. Ìyẹ̀fun funfun ní ìsàlẹ̀ ìgò, tí èèyàn bá sín, ọdún kan ti lọ. Alhaja ò jẹ́ kí n fọ abọ́ láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n tọ́jú ọwọ́ mi.

Ọjọ́rú, 13 Ògún

Scotland. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi tó gbọ̀ngàn, ó ń kùn bíi fíríjì àgbà. Wọ́n gba àwọn ìgò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi wá ṣófo. Mo kírun nínú yàrá kékeré kan tí ọ̀gá ẹ̀rọ ṣí fún mi, ó tún bá mi wá ọ̀nà tí Mẹ́kà wà lórí fóònù rẹ̀. Oore àwọn èèyàn pọ̀ fún mi lọ́dún yìí.

Wọ́n ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí nọ́ḿbà tó jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Ògún

Kò tíì jáde. Alhaja ń bi mí láràárọ̀. Wọ́n ti pàṣẹ fún Uncle pé kó má bi mí mọ́, kí àwọn nìkan máa bi mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Ọwẹ́wẹ̀

Nọ́ḿbà dé láàárọ̀ yìí. Jordan ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Prof dúró lẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ to àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè. Mo to ti ìparí: bákan náà. Mo wá to àárín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyèméjì tó wà lára wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ti 1694 ló sì pọ̀ jù, nítorí èyí tó dà. Mo fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà náà ti apá òsì bọ̀, ó gba àárín kọjá, ó gòkè, ó sọ̀, ó bá apá ọ̀tún pàdé níbi tó yẹ kí wọ́n ti pàdé.

Prof ní ká má tíì pariwo, ó ku ká fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òun gan-an ló ń pariwo. Jordan ń sunkún, ó ní eruku ni.

Mi ò lè dúró di alẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láyà, mo lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù. Alhaja wà lẹ́yìn tábìlì, wọ́n ń bá Uncle họ ìpẹ́. Mo gbé e kalẹ̀ láàárín ẹja. Wọ́n nu ọwọ́ sára ápúróònù, wọ́n fi ìka kan lé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, lókè, nísàlẹ̀, lókè. Àwọn oníbàárà dúró. Uncle ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tí ìka wọn dé àárín, ó dúró.

"Ṣé ibí la mu?"

"Ibẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n ń wò ó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, títí ìka náà fi dé òdì kejì.

"Ó mí níbẹ̀ náà?"

"Ó mí níbẹ̀ náà, Mà. Kò sí nǹkan kan tó sọnù."

Wọ́n ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.